Ìdá Mẹ́ta Nínú Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Téèpù wá lónìí. Ó ti di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì báyìí, irun rẹ̀ sì ti funfun, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó jókòó níwájú mi ní kíláàsì ni mo ṣì ń pè é. Bíi téèpù tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ ni: bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ sí i létí lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe wọlé náà ni yóò ṣe jáde, kò ní já ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní àwọn olùkọ́ kékeré fẹ́ gé ìṣirò kù. Mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe, wọ́n fẹ́ kó di méjì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá wọn lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá kà á níwájú ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ wúkọ́ lásán, wọ́n á jókòó gbọ́ yín."

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Mo gbà. Kí n má parọ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orúnkún mi, mo sìn ín dé ẹnu géètì.

Mo ti kọ gbólóhùn kìíní: "Ìṣirò ni asẹ́ tí a fi ń ya ẹnjiníà sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo." Ó dùn lẹ́nu mi. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti ìdájí. Ó ń jò sínú yàrá ìwé, gan-an lórí àwọn páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé abọ́ mẹ́ta sílẹ̀, mo ń da omi wọn nù bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.

Ìṣó ti wọ́n ní ìlọ́po méjì láti ìgbà tí mo ti rà á kẹ́yìn. Ẹni tó ń tà á ní kí n máa dúpẹ́ pé òun ṣì ń wọ̀n ọ́n, pé láìpẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lòun yóò máa tà á.

Ìyá àwọn ọmọ ì bá ti ránṣẹ́ pe káfíńtà kí òjò tó dá. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti lọ, n kò tíì mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Káfíńtà wá. Ó ní kì í ṣe páànù ló bàjẹ́, igi tó gbé òrùlé fàráńdà ló tẹ̀, tí omi fi ń ṣàn padà wọlé. Orí kan igi náà wọnú ògiri ilé, bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì há a mọ́ ibẹ̀ pinpin. Orí kejì kàn jókòó lé ògiri kékeré tó wà níta. Níbi tó ti wọnú ògiri ilé ló ti sán.

Mo sọ fún un pé kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti máa sán. Mo ní ẹrù orí igi náà dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà ìdajì ń bẹ lórí ògiri yìí, ìdajì lórí tọ̀hún.

Ó sọ òòlù sílẹ̀, ó wò mí.

"Bàbá Tíṣà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìṣirò ni."

"Ẹ bá mi kí ìṣirò. Ẹ wò ó, orí tó jókòó lásán yìí, bí ẹrù bá dé, ó lè yí díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n há mọ́ ògiri ńkọ́, ibo ló fẹ́ yí sí? Òun ló ń jẹ gbogbo ìyà. Bí ilé tọkọtaya náà ni: ẹni tí kò lè jáde ló ń ru ẹrù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ àwọn ẹnjiníà, ẹ ò tíì gun àjà rí ni?"

Mo ní n kò gùn ún rí. Òótọ́ ni.

Ó ti lọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò tíì lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo mú rúlà onígi gígùn, mo fi ìwé ńlá mẹ́rin tẹ orí rẹ̀ kan mọ́ tábìlì, mo gbé orí kejì lé páálí ìṣáná. Mo fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Orí tó wà lórí ìṣáná gbé ẹnu sókè.

Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá. Nígbà mẹ́wàá ló yí.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi ọwọ́ kan ohun tí mo fi ń kọ́ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti rí i. Ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́ta nínú ìwé tí mo fi kọ́ wọn. Igi tí a há mọ́ ògiri ní orí kan, tó jókòó lé òpó ní orí kejì. Ohun mẹ́rin la gbọ́dọ̀ sọ nípa àwọn orí méjèèjì kí ìṣirò tó lè bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ìkẹrin, mo kọ ọ́ pé orí tó jókòó lórí òpó kò ní yí. Mo di ohun tí ẹnikẹ́ni kò dì mú.

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí àṣìṣe kan. Ìlà kan bí ìlà kejì, ó mọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, títí tó fi dé ìdajì.

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù náà bá jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún, èmi pín in ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Mẹ́fà ló wà lórí òpó, mẹ́wàá ló wà lára ògiri. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni òpó ń gbé. Kì í ṣe ìdajì.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi fi ìwé tirẹ̀ kọ́ wọn. N kò bi í léèrè rí ìdí tí kò fi lo tèmi. Mo rò pé ìgbéraga ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Nínú gbogbo ìwé ìdánwò tí mo máàkì láyé mi, páálí kan ṣoṣo ni mo kó wá sílé: ti ọdún tí ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, wà ní kíláàsì mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé. Mo kó o pamọ́ kí n lè fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mo ṣe ojúsàájú fún un. Omi ti ba àwọn tó wà lókè jẹ́. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó gbẹ.

Ìbéèrè kẹrin, máàkì ogún. Igi, ògiri àti òpó, ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Kò tẹ̀lé ìwé mi. Ó bẹ̀rẹ̀ ìlà méjì bí mo ṣe kọ́ wọn, ó fagi lé wọn. Lẹ́yìn náà ó ya igi náà, ó ya bó ṣe máa tẹ̀, ó sì jẹ́ kí orí tó wà lórí òpó gbé ẹnu sókè díẹ̀. Ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Orí yìí jókòó ni, wọn ò dì í. Yóò yí." Ó fi àwòrán wọn ẹrù náà. Ó ní ohun tó wà lórí òpó lé díẹ̀ ní mẹ́fà.

Yíǹkì pupa: òdo. Lábẹ́ rẹ̀: "A kì í ya àwòrán níbí. Ìṣirò ni mo bi ọ́."

Ọwọ́ mi ni. Lẹ́tà mi dára nígbà náà.

Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì. Ogójì la fi ń yege.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ka gbogbo àwọn tó ṣeé kà. Ẹni mẹ́ta péré ló kọ mẹ́fà. Mo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òdo. Àwọn méjì tó kù rí máàkì kó jọ níbòmíràn, wọ́n yege. Gbogbo ẹni tó kọ mẹ́jọ ló gba ogún.

Ó ku èyí tí n kò fẹ́ kọ.

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá gba méjìdínlógójì tàbí mọ́kàndínlógójì, a ó tì í gòkè. Mo rí ọwọ́ mi lára ìwé márùn-ún: mo fagi lé méjìdínlógójì, mo kọ ogójì. Wọ́n mú ti ọmọ mi náà wá pé kí n tì í. Mo ní rárá. Mo ní kí ayé má bàa sọ pé nítorí pé ọmọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ rèé, nítorí pé ọmọ mi ni ni mo ṣe kọ̀. Ọdún tó ṣáájú, ibà ló gbé e kúrò ní gbọ̀ngàn ìdánwò náà, wọ́n sì kà á sí ìṣubú. Ẹni tó bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ.

Mo máa ń sọ ìtàn yẹn fún àwọn olùkọ́ kékeré. Mo máa ń fi yangàn. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ̀yin le o!" Èmi á máa rẹ́rìn-ín.

Mo fa ojú ìwé mẹ́sàn-án tí mo ti kọ fún ìgbìmọ̀ ya.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tó ti wà ní òpópónà tó tẹ̀lé tiwa. Irin ló ń jó: géètì, àtẹ̀gùn, irin ojú wíńdò. Mádàámù Onírin ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì wọ ilé mi. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, yóò tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, yóò sì kọjá.

Ìwé ìdánwò náà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ apá mi. Mo ti há ohun tí mo fẹ́ sọ sórí. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Géètì ni àbí wíńdò?"

Ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jó irin. Ó ṣí ìbòjú dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó rí mi. Ó fa ìbòjú náà wálẹ̀ padà, iná sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta.

"Wíńdò," ni mo wí.

"Mélòó, sà?"

"Ẹyọ kan."

"Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

N kò mọ̀. Mo fi ogójì ọdún kọ́ni ní ìṣirò, n kò mọ fífẹ̀ wíńdò ilé ara mi. Ọkùnrin náà ní kò burú, àwọn yóò wá wọ̀n ọ́n. Ó kọ orúkọ òpópónà wa sílẹ̀. Mo gbé ọ̀rá mi, mo padà sílé.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ bá Téèpù ní ọ́fíìsì. Mo na ojú ìwé kẹtàdínlọ́gọ́ta sí i. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú, ó sì ka gbogbo rẹ̀ jáde láti orí dé ìdí bí mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó nígbà náà, pẹ̀lú ibi tí mo máa ń dánu dúró kí n tó sọ pé "ó ti yọrí."

"Bàbá, ogún nínú ogún ni mo gbà níbẹ̀."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀? Kíláàsì kan náà ni èmi àti ọmọ yín, ìwé mi wà lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ wò ó!"

"Mi ò sọ pé o ò gba ogún. Ìṣirò yẹn ló jẹ́ irọ́."

Mo fi rúlà orí tábìlì rẹ̀ hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ǹjẹ́ o ti fi kọ́ nǹkan rí?" ni mo bi í.

"Ọlọ́run yọ mí. Ọ́fíìsì ni mo ti wà láti ọjọ́ yẹn." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá sọ eléyìí ní ìpàdé, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á ní, ẹ ò rí i, ìṣirò tí wọ́n fi ń fọ́nnu gan-an ń parọ́. Wọ́n á gé gbogbo rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ ayé yín ni o."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Mádàámù? Òun ló ṣe géètì ilé mi. Nǹkan ń lọ dáadáa fún un ju èmi lọ. Ẹ má hú ohun tí ilẹ̀ ti bò, Bàbá."

Mo ní kó bá mi kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, kí wọ́n tún máàkì rẹ̀ ṣe. Ó yẹ kó jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ní òun yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má gbójú lé e.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ibà. Mo mu oògùn, mo sùn. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́, okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, pẹ́ńsùlù létí. Irun iwájú rẹ̀ ti ń funfun. N kò mọ̀.

"Ẹ kú ilé. Wíńdò wo ni?"

Mo fi wíńdò yàrá ìwé hàn án. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ó yẹ kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irin ti wà níbí tẹ́lẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi òmíràn ṣe?"

Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé ìdánwò náà sí i. Ó gbà á. Ó ṣí i sí ìbéèrè kẹrin láì wá a kiri. Ó ka ohun tí mo fi yíǹkì pupa kọ. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ìwọ lo gbà á," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣì í. Inú ìwé mi ni àṣìṣe náà ti wá."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá, mo mọ̀ nígbà náà."

Ó jókòó lórí páálí kan. Èmi kò lè jókòó.

"Ìwé yín máa ń wà lórí tábìlì yìí. Ọ̀sẹ̀ kan sí ìdánwò, mo kà á, mo rí i. Mo ti máa ń jókòó wo àwọn tó ń kan òrùlé láti kékeré, mo mọ̀ pé igi tó bá jókòó lásán máa ń yí. Mo lọ bá Màámi ní ilé ìdáná. Mo ní ìwé Bàbá ò tọ̀nà, ṣé kí n lọ sọ fún wọn? Màámi ní, 'Kí o lọ sọ fún bàbá rẹ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀? Nínú oṣù tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n? Kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́, gba máàkì rẹ, kí gbogbo wa sinmi.'"

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbìyànjú. Ẹ wò ó, ìlà méjì rèé. Ọwọ́ mi kọ̀." Ó fi ìka lé àwòrán náà. "Mo ní ẹ̀yin lẹ máa máàkì rẹ̀, kò sẹ́lòmíràn tó máa rí i. Mo ní bí ẹ bá ti wò ó báyìí, ẹ ó rí i, ẹ ó sì tún ìwé yín ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ẹ̀yin ni mo yà á fún."

Mo bi í ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí èsì jáde. Mo mọ̀ pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè.

"Ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín jókòó sí pálọ̀, ẹ ń sọ fún wọn bí ẹ ṣe kọ̀ láti ti ọmọ yín gòkè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo gbé omi wọn dání."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kò gbà fún mi, mo di tábìlì mú. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi ti bẹ̀ mí. Ní ọsibítù, nígbà tí wọn ò lè jókòó mọ́. Wọ́n ní òun lòun ní kí n dákẹ́, kí n dárí ji òun. Lójoojúmọ́. Mo ní ó ti tán, Màámi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń ka ìwé ìròyìn."

Mo rántí. "Dárí jì mí, dárí jì mí." Mo rò pé ibà ló ń mú un sọ̀rọ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní kí wọ́n fún un ní oògùn tí yóò fi sùn. N kò sọ ìyẹn fún ọmọ mi. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ó dìde, ó gbé ìwé ìdánwò náà lé orí tábìlì, ó tún etí rẹ̀ tó ká ṣe.

"Mi ò ní ṣe irin yẹn. Kò wúlò."

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn.

"Ẹ máa jẹun. Ẹ ti rù."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìyá rẹ̀ fi bá mi jẹun lórí tábìlì kan náà, ó sì mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Oòrùn díẹ̀. Káfíńtà parí iṣẹ́. Ó fi òpó sí àárín igi tuntun náà, ó ní kí ẹrù má bàa pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo fẹ́ bi í pé ibo ló ti kọ́ ọ. Mo mọ ohun tí yóò sọ.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ìwé tí n ó kà níwájú ìgbìmọ̀. N kò ní dárúkọ asẹ́ mọ́.

Àwọn tó fẹ́ gé ìṣirò kù kò tọ̀nà. Káfíńtà mọ ibi tí igi yóò ti sán, kò mọ iye ẹrù tí yóò sán an. Ọmọ mi fi àwòrán rí mẹ́fà àti díẹ̀; ìṣirò nìkan ló lè sọ pé mẹ́fà gééré ni, kí a tó ra igi, kí a tó kó èèyàn sábẹ́ òrùlé. Ìṣirò kò parọ́. Èmi ni mo fi irọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fi òótọ́ inú gbé e dé ibi tí mo rán an. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni láti jáde lọ wo igi kí n tó rán an níṣẹ́, kí n sì kọ́ àwọn ọmọ náà láti máa wò ó. Mo kọ́ wọn láti gbọ́ràn. Àwọn tó gbọ́ràn ni mo fún ní ogún.

Ojú ìwé méjì péré ni gbogbo rẹ̀. Ní ogójì ọdún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Wọn kì í ṣí ìwé tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Wọ́n kẹ́dùn.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà lórí fóònù. Ọkùnrin ọjọ́ yẹn ló gbé e. Mo gbọ́ tí ó ń sọ ohun tí mo wí fún un, mo gbọ́ ariwo irin, ó sì padà wá.

"Sà, Mádàámù ní àwọn ò bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n dìde fún mi, mo ní kí wọ́n jókòó.

Mo kọ ìbéèrè kẹrin sójú pátákó. Mo kọ ìdáhùn mi, mo kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ ti ìwé márùn-ún tí mo tì gòkè àti ẹyọ kan tí n kò tì. Mo sọ ẹni tó ni ín. Mo ka ojú ìwé méjì náà. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́.

Téèpù dìde. Mo rò pé ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ní, "Èmi gba ogún nínú ogún fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà yẹn. Mo fẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀." Ó jókòó.

Wọ́n dìbò. Kọ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró, ṣùgbọ́n ọ̀kan yóò máa wáyé níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, pẹ̀lú igi àti irin. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

Olùkọ́ obìnrin kan, ọmọdé, láàárín àwọn tó fẹ́ gé e kù, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé ọmọ yín wà níbí lónìí?"

"Kò sí níbí."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́?"

N kò bi ọmọ mi. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bi í. Mo tún ti fi í sọ ìtàn níwájú èèyàn, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ bá a. N kò mú ohunkóhun dání.

Wọ́n ti kó gbogbo irin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àtẹ̀gùn kan sórí sìmẹ́ǹtì, bó ṣe tóbi tó gan-an, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń yí bí ìkarahun ìgbín. N kò rí i kí ó ya nǹkan láti ọdún yẹn.

"Mo gbọ́," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Oníbàárà kan ló sọ fún mi. Kò mọ̀ pé èmi ni."

"Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ ò gbà á."

"Mo tún ṣe é."

"Ẹ tún ṣe é."

Ó wọn ìgbésẹ̀ kan, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ dọ́gbọ́n bọ́ síta. Mo dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní ni mo ti sọ fún àwọn ẹlòmíràn.

"Bàbá."

"Ọmọ mi."

"Ẹ sún. Ẹ dúró lórí ìlà mi."

Mo wo ilẹ̀. Bàtà mi ti pa ìgbésẹ̀ méjì rẹ́. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi orúnkún rìn wá síbi tí mo ti kúrò, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó na okùn ìwọ̀n, ó sì tún ìgbésẹ̀ méjèèjì yà, ó fara balẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n.

Kò ní kí n máa lọ. Kò ní kí n jókòó. Mo dúró síbẹ̀ títí tí oòrùn fi kúrò ní ẹnu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ya àtẹ̀gùn náà dé òkè, ó dìde, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò ní orúnkún, ó ní kí n jáde, kí òun lè ti ìlẹ̀kùn.

Mo jáde.